Oòrùn ìyálẹ̀ta àbí oòrùn ọjọ́rọ̀? Bí a ṣe ń fi ẹ̀yìnkùlé yan ilé tuntun

Ilé méjì náà jọra bí ìbejì. Yàrá mẹ́ta, ilé ìdáná lẹ́yìn, ilẹ̀kùn gíláàsì gbàǹgbà tó ṣí sí ẹ̀yìnkùlé, iye owó kan náà. Títì ló là wọ́n láàárín, wọ́n kọjú síra bí ẹni tó fẹ́ kí ara wọn. Àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ló ní kí n bá àwọn lọ wò wọ́n lọ́jọ́ Sátidé kan, nígbà tí oṣù kẹta ń parí lọ. Òtútù ṣì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ilé àfihàn la kọ́kọ́ wọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn báyìí, oòrùn ti tẹ́ rẹrẹ sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé, àbúrò mi bọ́ kóòtù ọrùn rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń mú wa káàkiri ní, "Èyí tó wà lódìkejì tẹ́ ẹ fẹ́ rà, bákan náà ló rí, mà. Kò sí ìyàtọ̀ kankan."

A sọdá títì. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àbúrò mi wọ kóòtù rẹ̀ padà.

Irọ́ kọ́ lọmọkùnrin yẹn pa o. Bíríkì kan náà, ilẹ̀kùn kan náà, táìlì kan náà. Ẹ̀yìn ọ̀kan ló kọjú sí gúúsù, tí ẹ̀yìn èkejì kọjú sí àríwá, tán. Kò sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún àwa tá a gbọ́ Yorùbá, torí èdè wa ti sọ ọ́ mọ́ orúkọ: ìlà-oòrùn, níbi tí oòrùn ti ń là, ìwọ̀-oòrùn, níbi tó ti ń wọ̀. Síbẹ̀, tó bá di ká fi owó ńlá ra ilé, àwọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná la máa ń bá ṣe àríyànjiyàn. Kọ́bọ́ọ̀dù ṣeé yọ. Ọ̀nà tí oòrùn ń gbà kò ṣeé yí. Àwọn àgbà kúkú ti ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìhà wo gan-an là ń sọ?

Ẹ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ kẹ̀yìn sí ilé, kẹ́ ẹ máa wo ìparí ẹ̀yìnkùlé. Ibi tí imú yín kọjú sí, òun ni ìhà ẹ̀yìnkùlé yẹn. Ẹ má fi iwájú ilé ṣe é. Mo ti rí ìpolówó tó kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé kọjú sí gúúsù, tó sì jẹ́ pé ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí níwájú ló ń gbádùn gúúsù náà.

Lórí pláànù ẹ́sítéètì, ẹ wá ọfà kékeré tó ń tọ́ka àríwá. Ẹ má rò pé òkè ìwé ni àríwá. Àwọn tó ń ya pláànù máa ń yí i kí ilẹ̀ náà lè gba inú ìwé. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ fúnra yín, kọ́ńpáàsì inú fóònù á ṣe é, àmọ́ ẹ jìnnà sí mọ́tò àti irin ìkọ́lé kẹ́ ẹ tó lò ó, torí irin máa ń ṣì í lọ́nà. Àwòrán sátẹ́láìtì Google Maps náà tó ṣe ẹlẹ́rìí: òkè rẹ̀ ni àríwá, àfi tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ yí i.

Ìrìn oòrùn, àti òjìji tó ń gbé kiri

Apá àríwá ayé, níbi tó jìnnà sí ìlà agbedeméjì, ni mò ń bá wí báyìí: Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, Kánádà àti irú wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbòmíràn, ẹ ní sùúrù, mò ń bọ̀ wá bá yín.

Ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí, oòrùn kì í dé àtàrí láéláé. Apá gúúsù ló máa ń gbà kọjá lọ́sàn-án, ìgbà ló sì ń pinnu bó ṣe máa ga tó. Ní London, lọ́sàn-án gangan ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, ó máa ń ga tó dígírì 62 sí ilẹ̀. Lọ́jọ́ 21 oṣù kejìlá, dígírì 15 péré ni, àfi bíi pé ó jókòó sórí òrùlé aládùúgbò. Láàárín méjèèjì, ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù kẹta àti ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, bíi dígírì 38 ló máa ń wà.

Dígírì ò yé ẹnikẹ́ni títí a ó fi sọ ọ́ di òjìji. Bí òjìji ṣe ń gùn tó lọ́sàn-án gangan ní London rèé:

| Ohun tó dúró | Oṣù kẹfà | Oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án | Oṣù kejìlá |
|---|---|---|---|
| Fẹ́ǹsì tó ga ní mítà 1.8 | mítà 1 | mítà 2.3 | mítà 6.7 |
| Ilé tí etí òrùlé rẹ̀ ga ní mítà 5 | mítà 2.7 | mítà 6.3 | mítà 18.5 |

Ẹ tún ìlà kejì yẹn wò. Ilé alájà méjì tí kò ju ti gbogbo ènìyàn lọ ni o. Nígbà òtútù, ṣóńṣó òrùlé tiẹ̀ tún máa ń ju òjìji tirẹ̀ kọjá ti etí òrùlé. Ẹ wá rò ó wò: mélòó nínú àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ tà lóde òní ni ẹ̀yìnkùlé wọn gùn tó mítà 18?

Gúúsù àti àríwá

Ẹ̀yìnkùlé gúúsù ni gbogbo ayé ń wá, wọn ò sì ṣìnà. Òjìji ilé bọ́ sí iwájú, níbi tí kò ti dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Láti ìyálẹ̀ta títí di ọjọ́rọ̀, oòrùn ò kúrò lẹ́yìn. Aṣọ tẹ́ ẹ sá láàárọ̀, ẹ ti ká a lọ́sàn-án. Nígbà òtútù, tí oòrùn ò ga, á gba ilẹ̀kùn gíláàsì wọlé, á rìn jìnnà lórí ilẹ̀ pálọ̀. Ooru ọ̀fẹ́ nìyẹn. Nígbà ooru, tó bá ti ga, ìbòrí kékeré tó yọ síta ní mítà kan lókè ilẹ̀kùn á dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dúró. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa gúúsù nìyí, àwọn tó ń tà á kì í sì í sọ ọ́: oòrùn ibẹ̀ ṣeé darí. Kékeré ni títàn tó ń tàn lójú mi.

Ṣùgbọ́n ó ní wàhálà tirẹ̀. Koríko á gbẹ, òdòdó inú ìkòkò á máa bèèrè omi lójoojúmọ́, ẹ ó sì tún lọ ra agboòrùn ńlá lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fi owó ra oòrùn tán. Èyí tó burú jù wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Ìparí ẹ̀yìnkùlé yín ni gúúsù rẹ̀, ohunkóhun tó bá sì ga níbẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni òjìji rẹ̀ máa ń sùn sí. Ilé alájà mẹ́ta tí etí òrùlé rẹ̀ ga ní mítà 9 máa ń ju òjìji tó lé ní mítà 11 lọ́sàn-án oṣù kẹta. Nínú oṣù kejìlá, ó máa ń lé ní mítà 30. Ẹni tó bá ra gúúsù sẹ́yìn irú ilé bẹ́ẹ̀, orúkọ ló rà.

Àríwá ńkọ́? Bí tábìlì yẹn ṣe wí, lọ́sàn-án oṣù kẹta, mítà mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ilé wà lábẹ́ òjìji ilé fúnra rẹ̀. Tí ẹ̀yìnkùlé yín bá gùn ní mítà 7, ọ̀já tín-ín-rín kan lẹ́bàá fẹ́ǹsì ló kù fún oòrùn, kò tó àga méjì gbé sí. Ṣùgbọ́n tó bá gùn ní mítà 14, ó ju ìdajì lọ tó máa rí oòrùn. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé àríwá ni, tí kò sì sọ bó ṣe gùn tó, kò tíì sọ nǹkan kan.

Àríwá tún ní àṣírí kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀. Nígbà ooru, ìlà-oòrùn gan-an kọ́ ni oòrùn ti ń là níbẹ̀. Apá àríwá ìlà-oòrùn ni, apá àríwá ìwọ̀-oòrùn ló sì ń wọ̀ sí. Nínú oṣù kẹfà ní London, tí aago bá ń lọ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, oòrùn á ti kọjá ìwọ̀-oòrùn bọ́ sí ìhà àríwá, á sì máa tàn sí ẹ̀yìn ilé bẹ́ẹ̀ títí á fi wọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án. Ìtànṣán rẹ̀ kò ga, kò sì gbóná, ṣùgbọ́n òun ni ìtànṣán tí ènìyàn máa ń fẹ́ jókòó sí. Ilé aládùúgbò tàbí igi ńlá lápá ìwọ̀-oòrùn lè gbà á mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ wò ó dáadáa.

Ìgbà òtútù ni ìyà àríwá. Lẹ́yìn ilé á ṣókùnkùn fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, aṣọ ò ní gbẹ, ilẹ̀ òkúta á máa yọ̀ nítorí ohun tútù aláwọ̀ ewé tó máa ń hù sórí rẹ̀. Àmọ́ oòrùn tí ẹ̀yìn pàdánù, iwájú ló gbà á. Tí pálọ̀ bá wà níwájú, inú rẹ̀ á móoru nígbà tí ẹ̀yìn ń tutù. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé náà á fẹ́ràn yàrá àríwá, torí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ò le, kì í sì í ta sójú kọ̀ǹpútà.

Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn

Èyí ló yẹ kí ẹlòmíràn ronú sí jù, torí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òòjọ́ wọ̀ ọ́. Yorùbá ní orúkọ fún gbogbo apá ọjọ́: àfẹ̀mọ́júmọ́, òwúrọ̀, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán, ọjọ́rọ̀, ìrọ̀lẹ́, àṣálẹ́. Ẹ mú bébà, kẹ́ ẹ kọ èyí tẹ́ ẹ máa ń wà nílé nínú wọn, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Ẹ má kọ èyí tó wù yín, ẹ kọ èyí tó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń jáde láago méje àárọ̀, tó ń wọlé láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tó wá ra ilé tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn, ológbò rẹ̀ ló ra oòrùn fún. Òwúrọ̀ àti ìyálẹ̀ta ni oòrùn ìlà-oòrùn; tí ọ̀sán bá ti pọ́n, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í ju òjìji sẹ́yìn, bí ọjọ́ sì ṣe ń rọ̀ ni òjìji ń gùn sí i. Tẹ́ ẹ bá fi máa dé, ibi ìjókòó ẹ̀yìn ti di tútù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, ìyá ọmọ kékeré tó máa ń wà nílé láàárọ̀, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tí ooru ọ̀sán kì í jẹ́ kó sinmi, àwọn wọ̀nyí ni ìlà-oòrùn bá lára mu. Ilé ìdáná tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀ dùn gan-an, mi ò ní purọ́. Ohun kan péré ni kí ẹni tó ń gbin òdòdó mọ̀: lásìkò ìrì dídì, oòrùn àárọ̀ máa ń yọ́ yìnyín ara ìrudi òdòdó lójijì, èyí sì máa ń ba àwọn tó tètè ń tanná jẹ́. Ẹ má gbìn wọ́n sí ibi tí oòrùn àárọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ bá wọn.

Ìwọ̀-oòrùn ni ìdàkejì. Láàárọ̀, òjìji ilé ló wà níbẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sán ló ń ṣí, kì í sì í tì títí oòrùn á fi wọ̀. Fún òṣìṣẹ́, èmi rò pé ìwọ̀-oòrùn dára ju gúúsù lọ, mo sì mọ̀ pé àwọn kan máa bá mi jà lórí èyí. Ẹ̀yìnkùlé gúúsù ń tàn lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdeé nígbà tẹ́ ẹ wà níbi iṣẹ́. Ti ìwọ̀-oòrùn ń dúró dè yín.

Ibi tó ti le ni ooru inú ilé. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í ga, kò sì sí ìbòrí tó lè dí i, torí ó máa ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé tààrà, lákòókò tí gbogbo ọjọ́ ti fi gbóná tẹ́lẹ̀. Tí gíláàsì bá pọ̀ lẹ́yìn, pàápàá tí yàrá ìsùn bá wà lókè níbẹ̀, ẹ ó máa yí lórí ibùsùn lálẹ́ oṣù keje. Kọ́tìnnì inú ilé ò ṣe púpọ̀. Ooru ti gba gíláàsì kọjá kó tó bá kọ́tìnnì. Ohun tó bá wà níta fèrèsé ni oògùn rẹ̀: ìbòjú tó ń ká bọ́ sílẹ̀, àtẹ́ igi, tàbí igi tó ń wọ́wé nígbà òtútù. Ẹ béèrè bóyá ogiri ìta ṣeé kàn án mọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìhà tó wà láàárín méjì ńkọ́? Títì ẹ́sítéètì sábà máa ń yí kọ́lọkọ̀lọ, ilé díẹ̀ ló ń kọjú sí ìhà kan géérégé. Tí mo bá rí gúúsù tó yẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, mi ò ní wo òmíràn mọ́: ó ní ọ̀sán, ó ní ọjọ́rọ̀. Àríwá tó yẹ̀ sí ìlà-oòrùn ni mo máa ń sá fún, torí àárọ̀ nìkan ló ní, ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì máa ń parí.

Òrùlé náà ní ìhà

Tẹ́ ẹ bá ní i lọ́kàn láti gbé sólà sórí ilé, ní apá àríwá ayé, òrùlé tó dagun sí gúúsù ló ń mú iná wá jù. Èyí tó dagun sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn máa ń fi bí ìdá 15 sí 20 nínú 100 dín sí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì burú, torí ó ń mú iná wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nígbà tí ilé nílò rẹ̀. Ilé tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àríwá lè ní òrùlé iwájú tó dára jù fún sólà. Ẹ má gbàgbé láti kà á mọ́ ọn.

Ohun tí ilé tuntun ń fi pamọ́

Ilé àtijọ́, ohun tẹ́ ẹ rí lẹ rà. Ilé tuntun, apá kan nínú ohun tẹ́ ẹ rà ò tíì sí níbẹ̀.

Ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì ni àkọ́kọ́. Ní ẹ́sítéètì tí wọ́n ń kọ́ ní ìpele-ìpele, pápá tí ẹ ń wò lónìí lè di ilé alájà mẹ́ta lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹ ní kí wọ́n fi pláànù gbogbo ẹ́sítéètì hàn yín, kì í ṣe ti ilé yín nìkan, kẹ́ ẹ sì béèrè bí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣe máa ga tó ní mítà. "Ilé kan ló máa wà níbẹ̀" kì í ṣe èsì.

Àwọn òbìrìkìtì kéékèèké aláwọ̀ ewé orí pláànù, igi ni wọ́n. Lónìí, ọ̀pá tínrín tí wọ́n so mọ́ igi míì ni. Ní ogún ọdún sí i, ó ti ga ju òrùlé lọ. Ẹ béèrè irú igi tó jẹ́. Tó bá wà ní gúúsù tàbí ìwọ̀-oòrùn yín, ó kàn yín.

Ilẹ̀ tó dagun náà ńkọ́. Tí ilẹ̀ aládùúgbò tó wà ní gúúsù bá fi mítà kan ga ju tiyín lọ, fẹ́ǹsì rẹ̀ ti di mítà 2.8 lójú oòrùn yín. Èyí kì í hàn lórí pláànù rárá, àfi tẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ gbin ohun jíjẹ, tòmátì àti ata fẹ́ oòrùn wákàtí mẹ́fà ó kéré tán lójúmọ́. Ewébẹ̀ lè fara da wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ tún fi ṣọ́bìrì wa ilẹ̀ wò, torí lábẹ́ koríko tuntun tí wọ́n tẹ́ bíi ẹní, ilẹ̀ tí kátápílà ti tẹ̀ le koko àti àfọ́kù bíríkì ló sábà máa ń wà. Oòrùn tó dára ò wúlò fún ilẹ̀ tí omi ò lè rì sí.

Tó bá jẹ́ pé ibòmíràn lẹ wà

Ní gúúsù ayé, ẹ pààrọ̀ gúúsù àti àríwá, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ oṣù kẹfà àti oṣù kejìlá, nínú ohun tí mo ti sọ. Ní Sydney, àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà, ẹ̀yìnkùlé àríwá ni wọ́n sì ń wá níbẹ̀. Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ò yí padà.

Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, ìbéèrè fúnra rẹ̀ yí padà: ibòòji ni ènìyàn ń wá níbẹ̀. Ní Nairobi, oòrùn ọ̀sán máa ń wà lápá àríwá nínú oṣù kẹfà, á sì bọ́ sí apá gúúsù nínú oṣù kejìlá, ó sì máa ń ga ju dígírì 60 lọ nígbà méjèèjì. Ògiri àríwá àti ti gúúsù rọrùn láti fi etí òrùlé bò. Ìwọ̀-oòrùn ni ọ̀tá. Níbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ìlà-oòrùn tí mo ń bú lókè yìí ló di ọba, torí láti ọ̀sán lọ, ilé fúnra rẹ̀ ló ń ṣe agboòrùn fún un.

Ọ̀pá mítà kan

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ Sátidé yẹn. Ọkọ àbúrò mi kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí àwa ń wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti lọ wá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbi tí wọ́n da ìdọ̀tí ìkọ́lé sí, ó wọn mítà kan, ó gbé e nàró sórí kọ́ńkéré níwájú ilé nígbà tí aago méjìlá ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ó sì wọn òjìji rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 117 ni. Kò sí nǹkan tó tún kù ju ìsodipúpọ̀ lọ: ohunkóhun tẹ́ ẹ bá mọ gíga rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.17, ẹ ti mọ òjìji rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ilé tí etí òrùlé rẹ̀ ga ní mítà 5 á ju òjìji tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 6. Ó fi ẹsẹ̀ wọn ẹ̀yìnkùlé àríwá náà: mítà 14. Ó sọdá lọ wọn ti ilé àfihàn: mítà 9.

Oṣù kẹta dára fún irú ìdánwò yìí, torí òun ni àárín ọdún oòrùn. Ìwé ìtọ́sọ́nà BRE, ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa ìkọ́lé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà lo ọjọ́ 21 oṣù kẹta: ó ní ó yẹ kí ó kéré tán ìdajì ẹ̀yìnkùlé rí oòrùn fún wákàtí méjì lọ́jọ́ yẹn. Òṣùwọ̀n kékeré ni, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà bóyá ilé yín kúnjú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé oṣù míì lẹ lọ wo ilé, ìkànnì SunCalc á fi hàn yín ibi tí oòrùn máa wà ní ọjọ́ àti wákàtí tó bá wù yín, lórí máàpù ilẹ̀ náà gan-an. Kẹ́ ẹ sì lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, lẹ́ẹ̀kan nírọ̀lẹ́. Àwọn tó ń tà á fẹ́ràn láti mú ènìyàn wá ní wákàtí tí ilé náà rẹwà jù.

Nígbà tá a padà sí ọ́fíìsì wọn, àbúrò mi ní kí wọ́n tẹ́ pláànù ńlá sílẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀yìnkùlé tó mú un bọ́ kóòtù yẹn, mítà mẹ́fà sí fẹ́ǹsì, wọ́n ti ya ilé alájà mẹ́ta kan sí ìpele tó ń bọ̀. Ọmọkùnrin yẹn ní, "Ẹ̀n, ìyẹn ṣì jìnnà, mà." Ọkọ àbúrò mi mú fóònù, ó ṣe ìṣirò rẹ̀, kò wí nǹkan kan, ó kàn na fóònù sí ìyàwó rẹ̀. Lọ́sàn-án oṣù kẹta, òjìji ilé yẹn á bo ju ìdajì ẹ̀yìnkùlé gúúsù náà lọ. Tó bá di oṣù kejìlá, á kọjá ẹ̀yìnkùlé, á gun ògiri ilé.

Èyí tó wà ní àríwá ni wọ́n rà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, oòrùn ọ̀sán kì í dé ẹ̀yìn wọn, àbúrò mi ò sì yéé ráhùn nípa rẹ̀. Iwájú ni wọ́n máa ń jókòó sí nígbà yẹn. Wọn ò gbé ibi ìjókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bí gbogbo ilé yòókù ti ṣe. Ìparí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́bàá fẹ́ǹsì, ni wọ́n tẹ́ òkúta sí. Mo lọ kí wọn nínú oṣù kẹfà tó kọjá. Aago méje ìrọ̀lẹ́ ti kọjá, àbúrò mi ń fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn, ó ní kí n sún àga mi díẹ̀ sí òsì.